Bí a ṣe ń kọ ìtàn ara ẹni láti inú ìrántí: ìtọ́sọ́nà láti Ògbómọ̀ṣọ́

Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara wọn ni “A bí mi ní ọjọ́ báyìí, ní agbo ilé báyìí, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́.” Iléèwé ló máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi iṣẹ́, ìgbéyàwó, iye ọmọ, oyè nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́. Ní ojú ewé kẹjọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Irú èyí dára fún ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń dà á kọ sí. Àmọ́ ọmọ-ọmọ tó bá kà á kò ní mọ bí ohùn yín ṣe rí, kò ní mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, kò sì ní mọ ìdí tí ẹ kì í fi í fẹnu kan ẹ̀kọ tútù títí dòní.

Ẹ mú apá kan

Ìtàn ara ẹni tó dùn ún kà kì í kó gbogbo ayé ẹni pọ̀. Apá kan ló ń mú: ọdún mẹ́fà tí ẹ fi kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè, ìgbà tí ẹ wà nílé ọkọ tí ìyá ọkọ ṣì ń pàṣẹ, ọdún tí ẹ fi tajà ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ìgbà tí ìdílé yín kó dé láti Gánà ní 1969. Ẹ kọ gbólóhùn kan péré tó sọ ohun tó yí padà láàrin ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí apá náà. Bí àpẹẹrẹ: “Mo ti Tamale ní Gánà dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àjèjì ni mí nínú ilé bàbá mi, ìwé yìí sọ bí mo ṣe di ọmọ onílé.” Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé. Ìrántí tí kò bá bá a tan, bó ti wù kó dùn tó, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ìwé mìíràn.

Bí gbólóhùn yẹn kò bá ṣeé kọ, apá tí ẹ mú ti tóbi jù, ẹ gé e kù. Ọdún mẹ́ta rọrùn ún kọ ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Kíkó ìrántí jọ

Ẹ má tíì kọ ìtàn kankan. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Láràárọ̀, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ ohun tó bá wá sọ́kàn: ìrántí kan, ìlà kan. Kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ: “ọjọ́ tí ìjì ká páànù ilé Bàbá Alágbẹ̀dẹ”, “bàtà funfun ọdún Kérésì tó há mi lẹ́sẹ̀.” Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má tò ó. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé ní ìpele yìí, ìlà mẹ́ta ni yóò kọ tí á ti rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún ìlà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó tó ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ kìíní, ìrántí yóò dà bí ẹni pé ó gbẹ. Kò gbẹ. Ọdún lẹ fi ń wá a, ìrántí kì í sì í tò bí ọdún ṣe tò. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ mú bébà ńlá kan, kí ẹ ya agbo ilé tí ẹ gbé nígbà náà. Kò pọn dandan kó dára. Ìlà lásán ni. Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń sùn ní yàrá wo? Níbo ni kànga wà, níbo ni ilé ìdáná, níbo ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí nù, igi wo ló wà lẹ́yìnkùlé, òkúta wo ni wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí? Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ọwọ́ mi sábà máa ń ṣe níbí? Ta ni mo máa ń sá fún níbí? Òórùn wo ló wà níbí?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú èyí ni pé ilé bó ṣe rí lónìí ni èèyàn ń yà. Wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù yí i ká, wọ́n ti fi géètì sí i, ilé ìdáná ti di ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì ń gbà lójú. Kí ẹ tó yà á, ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: kí ni wọ́n fi bo òrùlé nígbà náà? Níbo ni iná ìrọ̀lẹ́ ti ń wá, fìtílà ni àbí iná mànàmáná? Ìdáhùn méjèèjì yìí á ti yín padà sí ilé àtijọ́.

Ohun kejì tó ń jí ìrántí ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹ máa ń ṣe nígbà náà, kí ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tuntun: bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún láfún, bí wọ́n ṣe ń ta òwú kó tó dé orí òfì, bí wọ́n ṣe ń fín igbá tàbí ṣọ̀nà sí awọ ní Ọ̀yọ́. Ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ọkàn ti gbàgbé. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ojú ẹni tó kọ́ yín á yọ, ohùn rẹ̀ á tẹ̀ lé e, èébú tó máa ń bú yín náà á sì dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù. Fọ́tò àtijọ́, káàdì ìrìbọmi, ìwé ẹ̀rí iléèwé, rìsíìtì owó orí, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, aṣọ ẹbí tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ yí fọ́tò sẹ́yìn: ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń lu sìtáńbù sí i, àwọn mìíràn máa ń kọ ọjọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹ má gbìyànjú láti yọ fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, yóò ya. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi fóònù yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní òwúrọ̀, láìtan iná fóònù.

Mímọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀

Ìwé ìrántí kò nílò ọjọ́ fún gbogbo nǹkan, àmọ́ tí ẹ bá ṣi ọdún kan, ẹni tó mọ̀ kò ní gba ìyókù gbọ́. Ẹ má wá ọdún nínú orí. Ẹ wá ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ohun tí ẹ rántí ṣáájú rẹ̀ ni tàbí ó tẹ̀ lé e. Àwọn tó wúlò jù fún agbègbè wa nìyí:

17 oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn.
1967 sí oṣù kìíní 1970, ogun abẹ́lé.
1968 sí 1969, rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ fi kọ owó orí. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ le ní 1969.
Oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí agbo ilé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí èyí kò kàn.
2 oṣù kẹrin 1972, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà.
1 oṣù kìíní 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ọdún yẹn kan náà ni Ṣọ̀ún (ọba Ògbómọ̀ṣọ́) Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, gorí oyè.
3 oṣù kejì 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. 27 oṣù kẹjọ 1991, Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀.
Oṣù kẹrin 1984, wọ́n yí àwọ̀ owó bébà padà.
2001, fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ gbogbo èèyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún owó o. Bí ìrántí yín bá ní “ẹ̀kọ ṣílè kan”, ìyẹn kò fi hàn pé ó ṣáájú 1973. Náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan, nítorí náà kọ́bọ̀ mẹ́wàá bá ṣílè kan dọ́gba, àwọn èèyàn sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí owó Gẹ̀ẹ́sì ti lọ. Ohun tó lè là á ni bí owó náà ṣe rí lọ́wọ́ yín. Tọ́rọ́ (owó ẹyọ pẹ́nì mẹ́ta) tí etí rẹ̀ ní igun, ti àtijọ́ nìyẹn.

Ọdún Mùsùlùmí tún ṣeé fi ṣírò, nítorí Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá síwájú lọ́dọọdún, ó sì máa ń gbà tó ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó yí po. Ẹni tó bá rántí pé àgbò Iléyá bọ́ sínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo ọmọ ilé ń là, lè mú un mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 1974 àti ọdún méjì mẹ́ta tó yí i ká. Ó tún padà bọ́ síbẹ̀ ní ìparí 2006. Ẹ wo ọjọ́ orí yín, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ọdún àwẹ̀ tó bọ́ sí ìgbà òjò náà ṣeé ṣírò bẹ́ẹ̀.

Bíbéèrè lọ́wọ́ àgbà

Ẹ má mú bírò jáde kí ìkíni tó tán. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjà, kí ẹ sì mú nǹkan dání, ì báà ṣe obì tàbí búrẹ́dì. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn pé wọ́n ti ń gba ohùn òun láìsọ fún òun kò ní sọ òtítọ́ kankan mọ́, kò sì jẹ̀bi.

Ìbéèrè tó burú jù ni “Ọdún wo ni?” Àgbà á kàn dá ọdún kan fún yín kó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Ta ló wà nínú oyún nígbà yẹn?” “Ṣé a ti ta iṣu tuntun?” “Ilé ta lẹ ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà?” Èyí tó tẹ̀ lé e ní burúkú ni ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn sẹ́nu wọn: “Inú Bàbá bàjẹ́, àbí?” Bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò ní, nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ ní, “Kí ni Bàbá ṣe lẹ́yìn náà?” kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó bá gùn díẹ̀ ló máa ń bí ọ̀rọ̀ tó dára jù, ọ̀pọ̀ olùbéèrè ni kì í lè fara dà á.

Ẹ má já wọn ní koro bí ohun tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n ki oríkì yín. Ibẹ̀ ni orúkọ ibi àti orúkọ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mọ́ ti máa ń jáde. Ẹ má kàn fi oríkì ṣe ẹ̀rí ìtàn, nítorí iyì ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Ní ti fóònù: ẹ pa fáànù, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má bàa gé ohùn, ẹ ṣẹ́ aṣọ po sábẹ́ fóònù kí ìró tábìlì má wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò jìn ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ẹnu wọn. Ẹ gba ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ gbọ́ ọ wò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ ẹni náà sọ fáìlì lórúkọ. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ máa ń gba wákàtí mẹ́rin ó kéré tán láti kọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má gba ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Á ti rẹ àgbà náà nígbà yẹn.

Kíkọ ọ́ kí ojú lè rí i

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Màmá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun. Ó jìyà púpọ̀ kó tó rán wa níwèé.” Òótọ́ ni, àmọ́ màmá gbogbo ayé ni. Ẹ wá wo èyí:

“Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Màmá gbé fìtílà ka ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú odù títí dé ìgúnpá, wọ́n sì mú ẹ̀gẹ́ kan jáde. Wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kò fọ́. ‘Ó ku ọ̀la,’ ni wọ́n sọ, kì í ṣe fún mi. Wọ́n tún nawọ́ sínú odù kejì. Òórùn rẹ̀ ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, Bàbá wúkọ́ nínú yàrá, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì ni olùkọ́ ní ká mú owó wá.”

Kò sí “takuntakun” níbẹ̀, kò sí “ìyà”. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe iṣẹ́ náà: àsìkò wà (ilẹ̀ ò tíì mọ́), ọwọ́ wà, ohun kan kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹlòmíràn wà nínú ilé tó gbọ́ tí kò dá sí i, owó sì ń dúró. Ẹ̀gẹ́ fún láfún máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi kó tó rọ̀. Òǹkàwé tó mọ̀ ọ́n á ti ṣírò pé owó ò ní pé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣì rí ojú Màmá.

Orí kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ju ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ kọ báyìí lọ. Ohun tó wà láàrin wọn, ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì rékọjá rẹ̀: “Ọdún méjì kọjá, a kó lọ sí Sábó.” Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni kò gbọdọ̀ gùn, ìsọ àti ìdáhùn mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, “ó ní” àti “mo ní” sì ti tó láti fi gbé e.

Àwọn ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti kíkọ ọ́ ní Yorùbá ní pàtó, tí ìwé ìtọ́sọ́nà èdè mìíràn kò ní sọ fún yín.

Àkọ́kọ́ ni “máa ń”. “A máa ń jí ní aago márùn-ún, a máa ń pọnmi, a máa ń gbálẹ̀, Màmá sì máa ń nà wá.” Ojú ewé méjì irú èyí, òǹkàwé ti sùn, torí pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan láti fi lélẹ̀ bí ayé ṣe rí, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀: “Lọ́jọ́ tí garawa já sínú kànga...” Láti ibẹ̀ lọ, “máa ń” kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ títí ọjọ́ yẹn á fi parí. Ẹ mú orí kan, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo “máa ń” inú rẹ̀. Bí ó bá ju mẹ́fà lọ ní ojú ewé kan, ẹ ò tíì kọ ìtàn.

Èkejì, ó sì le ju ìyẹn lọ, ni “wọ́n”. Bàbá àti ìyá, “wọ́n” ni. Àwọn èèyàn púpọ̀, “wọ́n” náà ni. “Bàbá bá àwọn àgbà ẹbí ṣèpàdé. Wọ́n ní àwọn ò gbà. Wọ́n dìde, wọ́n jáde.” Ta ló kọ̀? Ta ló jáde? Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀, òǹkàwé kò mọ̀. Àwọn kan máa ń fi “ó” yanjú rẹ̀, torí pé Yorùbá inú ìwé gbà á. A kò fọwọ́ sí i fún ìtàn ara ẹni: tí wọ́n bá ka “Bàbá mi wọlé, ó jókòó” sókè létí àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ kò sì sọ̀rọ̀ báyẹn lọ́mọdé. Ẹ fi “wọ́n” sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ ń bọ̀wọ̀ fún. Kí ẹ wá tún orúkọ pè nígbàkígbà tí ìṣe bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: “Àwọn àgbà ẹbí kò gbà. Bàbá dìde, wọ́n jáde.” Bí orúkọ kan náà bá ti pọ̀ jù, ẹ lo orúkọ inú ilé: Ìyá Ìbàdàn, Bàbá Kékeré, Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ẹ̀gbọ́n Gánà. Ohun tí ẹ bá yàn ní ojú ewé kìíní ni kí ẹ dì mú dé òpin.

Òwe ńkọ́? Ẹ fi òwe sẹ́nu ẹni tó pa á, ní ọjọ́ tó pa á. Òwe tí òǹkọ̀wé bá ń fi parí orí, ó ń sọ fún òǹkàwé pé kó má ronú mọ́. Ẹ̀ka èdè náà bẹ́ẹ̀: kí àwọn èèyàn inú ìwé sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí Yorùbá àjùmọ̀lò máa gbé ìtàn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni méjì ló ń sọ ìtàn náà: ọmọdé tó wà níbẹ̀ àti àgbà tó ń kọ ọ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò bá mọ ìdí tí ẹbí fi ń pariwo lórí ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kó rí bàtà tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó gbọ́ ohùn, kí wọ́n lé e síta. Àgbà lè wọlé lẹ́yìn náà ní ìpínrọ̀ kan, “Ó di ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé...” kó sì jáde kíá.

Òtítọ́, àti àwọn ẹni tó ṣì wà láyé

Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ ogójì ọdún sẹ́yìn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ lè tún un sọ bí ẹni náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀, tí ìtumọ̀ kò bá yí. Ohun tí kò bójú mu ni kí ẹ dá ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò wáyé, tàbí kí ẹ fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí ìrántí ti já, ẹ sọ ọ́ nínú ìtàn: “Bí a ṣe délé lálẹ́ yẹn, mi ò rántí mọ́.” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù gbọ́. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ tiyín, ẹ kọ tiwọn tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ orogún, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń ṣiyèméjì bàbá rẹ̀: mẹ́ta yìí ló ń tú ilé ká. Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kìíní, tí ojú ẹlòmíràn kò ní í rí, kí ẹ wá bi ara yín lẹ́yìn náà bóyá ìtàn tiyín ni tàbí tẹlòmíràn. Èyí tó bá jẹ́ tẹlòmíràn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìbanilórúkọjẹ́ ní òfin, òkú kò sì lè pe ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òkú lè máa bá yín jókòó nínú ẹgbẹ́ kan náà lóṣooṣù. Tí ẹ bá pa orúkọ dà, ẹ pa iṣẹ́ àti àdúgbò dà pẹ̀lú. Ní agbo ilé, “ìyàwó kẹta tó ń ta ẹja” ti tó láti mọ ẹni náà.

Ohun tó jẹ́ ti awo, ti Orò tàbí ti Egúngún, ẹ kọ bí ẹ ṣe dé ẹnu ọ̀nà àti bí ẹ ṣe jáde. Kò sí òǹkàwé ilé tó máa béèrè ohun tó wà láàrin.

Títò ó, àti iye tí ẹ ó máa kọ lójúmọ́

Ẹ gé páálí sí kékeré bí káàdì, ìṣẹ̀lẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní. Èyí tí nǹkan ti kọ́kọ́ yí padà ni kó síwájú, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Fún ìtàn Gánà yẹn, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ àṣẹ náà lórí rédíò, tàbí inú ọkọ̀ tí ẹrù pọ̀ ju èèyàn lọ, ló yẹ kó ṣíwájú. Káàdì tí ẹ lè yọ tí ìtàn kò sì mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, á fún yín ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Ní ogún ọ̀sẹ̀, 30,000 nìyẹn, ìwé gidi ni. Ojú ewé ìwé ìkọ̀wé kan ń gba nǹkan bí 150 sí 200 ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ dúró níbi tí ẹ ti mọ gbólóhùn tó kàn, kí ọ̀la lè rọrùn. Ẹ má ṣàtúnṣe orí kìíní títí ìwé yóò fi parí; àwọn tó ń ṣe é kì í dé orí kẹta.

Àtúnṣe

Lẹ́yìn tí ó bá parí, ẹ tì í pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ wá kà á sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, gbólóhùn ló burú. Ẹ wo ìpínrọ̀ kìíní orí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ bò ó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì: ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtàn á yá jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpínrọ̀ ìkẹyìn, pàápàá bí “ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́” bá wà nínú rẹ̀.

Ẹni méjì ni kó bá yín kà á: ẹnì kan tó gbé agbo ilé yẹn, àti ẹnì kan tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ti àkọ́kọ́ á mú irọ́ àti àṣìṣe, ti èkejì á mú ibi tí ẹ gbàgbé láti ṣàlàyé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àmì ohùn ni kó kẹ́yìn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti dúró. Bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí, kí ẹ sì bi ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀dà

Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó gbé Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tó kù sílé ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún un kọ, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Kí irú rẹ̀ má bàa bá yín, ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta nígbà gbogbo: ọ̀kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan lórí bébà. Ti bébà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri nítorí ikán. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Ìwé ìkọ̀wé tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sun ún.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, 30,000 ọ̀rọ̀ á fún yín ní nǹkan bí 100 sí 120 ojú ewé ní ìwọ̀n A5. Ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìṣòro tó dájú pé ẹ ó bá pàdé ní ilé ìtẹ̀wé ni lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ́ àti ọ̀, tó máa di àpótí òfìfo nígbà tí wọ́n bá ṣí fáìlì yín. Ẹ fi fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá tẹ̀ ẹ́, bíi Charis SIL tàbí Noto Serif, kí ẹ fún wọn ní PDF, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú ewé mẹ́rin jáde. Ẹ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́tà kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó san owó ìyókù.